Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹ̀bùn Ọdún fún Òǹkọ̀wé: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Òṣogbo

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Ọmọ àbúrò mi ń kọ̀wé, kí ni mo lè rà fún un lọ́dún yìí?" Nígbà mìíràn, ọkọ tàbí ìyàwó ni wọ́n ń wá ẹ̀bùn fún, tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń kọ ìtàn ìdílé wọn. Bí Iléyá bá tún ń bọ̀, ìbéèrè ọ̀hún á tún dé. Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí kí ẹ lè tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ sì mú un dání lọ sọ́jà.

Ohun tí mo dì mú nìyí: ẹ wá ohun tó ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ fi ẹ̀bùn yín mú un kúrò lọ́nà fún un. Ẹni tí NEPA ń mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nídìí ìtàn rẹ̀ lóru, kí ló fẹ́ fi kọ́ọ̀bù tí wọ́n ya gègé sí lára ṣe? Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá.

Kí ẹ tó mówó jáde

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n béèrè kó má baà fura. Ohun mẹ́rin lẹ ń wá mọ̀:

1. Kí ló fi ń kọ̀wé? Ṣé bírò ni, fóònù ni, àbí kọ̀ǹpútà? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ gbogbo ìtàn wọn. Bí ẹ bá ra ìwé olówó ńlá fún irú wọn, inú àpótí ló máa wà.
2. Èdè wo ló fi ń kọ? Ẹni tó ń kọ Yorùbá ní wàhálà àmì ohùn tí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní.
3. Ìgbà wo ló máa ń ráyè, níbo ló sì máa ń jókòó sí? Ẹni tó ń kọ̀wé ní ìdájí kí àwọn ọmọ tó jí yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ ọ́ ní ìdí ọjà.
4. Kí ló máa ń ráhùn lé lórí? Dátà ni? Ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ni? Àbí kò rí ẹni bá a ka iṣẹ́ rẹ̀?

Bí ẹ bá lè dé ibi tó ti ń kọ̀wé, ẹ lo ojú. Mo mọ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Bí oníbàárà bá ti dá, ẹ̀yìn ìwé rìsíìtì ló ń kọ ìtàn sí. Ó máa ń fi lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kọ ọ́ yí etí ìwé ká títí àyè ò fi ní sí mọ́, á wá fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó dì wọ́n ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ sínú agolo bisikíìtì. Bí ẹ bá ti rí irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀, kò tún sí ohun tí ẹ fẹ́ bi ẹnikẹ́ni: ìwé ló ń wá, ìwé kékeré tó ṣe é tì sábẹ́ káńtà, tí atẹ́gùn ò ní lè gbá ewé rẹ̀ lọ.

Bó bá ń gbé ọ̀nà jíjìn, ẹ pe ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ibi tó ti ń kọ̀wé ránṣẹ́. Fọ́tò kan péré á sọ ohun tó pọ̀ fún yín.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́

*Yíyan ìwé*

Ìwé tó dára lójú kọ́ ni ìwé tó dára láti kọ nǹkan sí. Ẹ má ra ìwé tó wà nínú ọ̀rá tí ẹ ò lè ṣí. Bí ẹ bá ti dé ṣọ́ọ̀bù:

1. Ẹ mú irú bírò tí òun gan-an ń lò dání. Ẹ bẹ oníṣọ́ọ̀bù kó jẹ́ kí ẹ dán an wò lójú ewé tó kẹ́yìn. Bí kò bá gbà, ẹ ra ẹyọ kan lọ sílé, ẹ dán an wò kí ẹ tó padà wá ra ìyókù.
2. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta, kí ẹ fi ìka pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí yíǹkì bá ràn, ẹ fi ìwé náà sílẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni ẹni náà fi ń kọ̀wé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ á máa gba orí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kọjá.
3. Ẹ ṣí ewé náà sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá lè ka ohun tí ẹ kọ láti ẹ̀yìn, ewé yẹn fẹ́lẹ́ jù. Lára ìwé mìíràn, wọ́n máa ń kọ ìwúwo rẹ̀ síbẹ̀ ní gsm (ìyẹn iye gíráàmù tí mítà onígun mẹ́rin kan ìwé náà wọ̀n): 70 gsm fẹ́lẹ́, 80 gsm ni ti ìwé A4 tí wọ́n sábà fi ń ṣe fọ́tò kọ́pì, 100 gsm lè gba gègé olómi, ìyẹn gègé tí wọ́n ń rọ yíǹkì sí.
4. Ẹ là á sílẹ̀ láàárín lórí káńtà, kí ẹ mú ọwọ́ kúrò. Bó bá ń padé fúnra rẹ̀, á máa bá a jà lọ́jọ́ gbogbo ni. Ìwé tí wọ́n fi òwú rán ní ẹ̀yìn máa ń là dáadáa. Èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já kó tó kún.
5. Ẹ wo ìlà rẹ̀. Ẹni tó ń kọ Yorùbá nílò ìlà tó fẹ̀ díẹ̀, kí àmì òkè àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ má baà gun ara wọn.

Ní ti ìwọ̀n, A5 ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn, ìyẹn 148 × 210 mm. Ó wọ inú báàgì, ó sì tóbi tó láti kọ gbólóhùn gígùn sí. Bí owó yín ò bá tó ìwé olówó gọbọi, ìwé ẹlẹ́yìn páálí líle tí àwọn ọmọ UNIOSUN ń gbé lọ sí kíláàsì ní Òkè-Baálẹ̀ á ṣe é. Mẹ́ta irú rẹ̀ dára ju ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi awọ wọ̀ lọ, nítorí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn kọ ohun tí kò tíì dá a lójú sínú ìwé olówó ńlá. Inú ìwé tí kò bani lẹ́rù ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi dáyárì sílẹ̀. Tó bá di oṣù Kìíní, báǹkì àti ọ́fíìsì á ti fi dáyárì kún ilé rẹ̀. Déètì tó wà lójú ewé á sì máa fi yé e lójoojúmọ́ pé àná kò kọ nǹkan kan.

*Yíyan gègé*

Ẹ ra irú èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀, kí ẹ rà á ní páálí kan. Bírò 0.7 mm máa ń kọ lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, 1.0 mm máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bírò lásán kì í tètè ràn bí omi bá ta sí i. Ọ̀pọ̀ yíǹkì jẹ́ẹ̀lì máa ń ràn, ẹ rántí bí òjò wa ṣe máa ń rí láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá.

Gègé olómi lẹ́wà, mo mọ̀. Àmọ́ bí kò bá lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ṣe ẹ̀bùn. Ó máa ń jò sínú báàgì lórí ọ̀kadà, 70 gsm kò lè gbà á, yíǹkì rẹ̀ kò sì sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá taku pé òun lẹ fẹ́, ẹ ra ìgò yíǹkì mọ́ ọn, kí ẹ sì ti mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

*Ẹ fi àdìrẹ wọ ìwé náà*

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀bùn tó wà lójú ìwé yìí. Ìlú aró ni Òṣogbo Òròkí, àdìrẹ sì wà nílẹ̀ níbí tí kò jẹ́ ká máa wá ẹ̀bùn tó gbayì lọ sí Èkó. Ẹ̀wù ni ẹ ó rán fún ìwé, èyí tó ṣe é bọ́, tó ṣe é wọ̀ fún ìwé mìíràn.

1. Ẹ ra àdìrẹ òwú. Ọ̀pá kan á rán ẹ̀wù ìwé A5 tó ju méjì lọ, ẹ lè bá ẹlòmíràn pín in.
2. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu igun kan lára rẹ̀ dáadáa. Bí aró bá yọ sí funfun náà, kò tíì ṣe é rán.
3. Ẹ fi omi tútù ṣàn án lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́, kí ẹ sá a síbòji. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí, bí aró kò tilẹ̀ yọ, nítorí aṣọ òwú máa ń sún kì lẹ́yìn omi àkọ́kọ́. Kó yáa sún kì báyìí ju kó sún kì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán an.
4. Ẹ la ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì, ẹ̀yìn rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ fi 16 cm kún ìbú, ìyẹn 8 cm fún àpò tí páálí á kì bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 4 cm kún gíga fún ìṣẹ́po.
5. Ẹ gbé aṣọ àti ìwé pọ̀ fún télọ̀. Ẹ ní kó fi aṣọ funfun tẹ́ inú rẹ̀, kó sì fi okùn róbótó kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan tí bírò á máa wọ̀. Bí télọ̀ bá ní kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ títí ó fi máa parí, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè rán ẹ̀wù fún ohun tí kò rí.
6. Ẹ gbà á kí ọ̀sẹ̀ ọdún tó wọlé. Bí Kérésì bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, kò sí télọ̀ tó máa pa aṣọ ọdún tì torí ìwé.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ àdìrẹ mọ́ páálí. Ọjọ́ tí ìwé bá kún, aṣọ ti bá a lọ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló fi ń kọ ọ́

*Iná*

Nọ́ńbà mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) tí wọ́n kọ sára páwà báǹkì kọ́ ló ń dé inú fóònù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń dé ibẹ̀, ìyókù á ti ṣòfò lọ́nà. Nítorí náà, 10,000 mAh á kún fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh lẹ́ẹ̀kan, á sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. 20,000 mAh á kún un ní ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí lára tó sì fúyẹ́ bí páálí ìṣáná.

Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ihò tó fi ń gba iná. Bó bá jẹ́ USB-C, ẹ wá páwà báǹkì tí wọ́n kọ PD (Power Delivery) sí lára, tó lè gbé 45W tàbí 65W (wáàtì, ìwọ̀n agbára iná) jáde, kí ẹ sì fi wé iye W tó wà lára ṣájà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò róbótó ló ní, ọ̀pọ̀ páwà báǹkì tí wọ́n ń tà nígboro kò ní í bá a mu. Ẹ mú ọkàn kúrò níbẹ̀, kí ẹ ra àtùpà oníṣáájì tí ọrùn rẹ̀ ṣe é tẹ̀, kó lè máa rí ìwé àti kíbọ́ọ̀dù lóru, kí ìmọ́lẹ̀ má sì gún ẹni tí wọ́n jọ wà nínú yàrá lójú.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù:

- Ẹ ti tàn án, ó tàn.
- Ẹ ti fi ṣáájì fóònù yín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò gbóná jù.
- Wáyà tó wà nínú páálí bá ihò fóònù òǹkọ̀wé náà mu.
- Rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti déètì wà lára rẹ̀.
- Ẹ ti béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi lè gbà á padà bó bá bàjẹ́.

Ẹni tó ń kọ ìtàn gígùn lórí fóònù á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún kíbọ́ọ̀dù kékeré oníbulútúùtù, pẹ̀lú ohun tí fóònù á máa fi dúró níwájú rẹ̀. Ẹ fi flash kan tì í. Fóònù ṣe é jí, ó ṣe é já sómi, ìtàn ọdún méjì á sì bá a lọ bí kò bá sí níbòmíràn.

*Àmì ohùn: ẹ̀bùn tí kò ná yín ní kọ́bọ̀*

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń kọ "Osun" nítorí fóònù wọn kò gbé "Ọ̀ṣun" jáde. Ẹ bá a ṣètò rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ bẹ ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n.

1. Lórí fóònù Android tó ní Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù Google, ẹ wọ ibi ètò kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá àwọn èdè, kí ẹ fi Yorùbá kún un.
2. Lórí Windows, Yorùbá wà nínú àwọn èdè tí ẹ lè fi kún un. Bí ètò rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ètò kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń pè ní Keyman jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.
3. Ẹ ní kó tẹ "ọ̀rọ̀", "ẹ̀bùn" àti "Ọ̀ṣun". Ẹ wò ó bóyá àmì òkè àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ dúró síbi tó yẹ.
4. Bí wọ́n bá fọ́nká, irú lẹ́tà tó ń lò ló ní àléébù. Charis SIL àti Gentium jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì máa ń gbé àmì Yorùbá dáadáa.
5. Ẹ kọ́ ọ kó máa sọ iṣẹ́ rẹ̀ di PDF kó tó gbé e lọ tẹ̀ níta. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣe é ṣe kí kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ ìtẹ̀wé sọ gbogbo ẹ àti ọ di àpótí òfìfo.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n

Bàbá tàbí ìyá tó ní ìtàn ìlú nínú, tí kò lè jókòó ti ìwé mọ́, ẹ̀bùn tiwọn ni kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì san owó fún ẹni tó máa kọ ọ́ jáde. Mi ò rí ẹ̀bùn tó jù ú lọ fún irú wọn, ọ̀la kò sì ṣe é dá dúró dè.

1. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún wọn. Bí wọ́n bá ní ibi kan kò ṣe é gbọ́ létí ayé, ẹ pa fóònù nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀.
2. Ẹ yan yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì tàbí kọ́tìnì, kí ohùn má baà máa dún padà. Ẹ pa fáànù.
3. Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú kí ìpè má baà já ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ gbé e síwájú wọn, kó jìnnà sí ẹnu tó ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan.
4. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ déètì, orúkọ wọn àti ibi tí ẹ wà.
5. Ẹ má ṣe é ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, ọjọ́ mìíràn ń bẹ.
6. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ da ohùn náà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Orúkọ èèyàn, orúkọ agboolé àti oríkì ni ẹni tó ń kọ ọ́ jáde máa ń ṣì kọ. Ẹ kà á fún wọn padà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Fífi ìwé kíkà ṣe ẹ̀bùn

Òǹkọ̀wé fẹ́ràn ìwé, síbẹ̀ kò rọrùn láti ra ìwé fún un, torí ó ṣe é ṣe kó ti ní i. Ẹ béèrè ìwé tó yá lọ́wọ́ èèyàn tó sì dá padà tẹ̀dùntẹ̀dùn. Òun ni kí ẹ rà.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, ìwé atúmọ̀ èdè tó fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀bùn tí kì í di àlòpatì. Ti R. C. Abraham, tó jáde ní 1958, ṣì ń wúlò gan-an. Bí ẹ bá rí ògbólógbòó rẹ̀ tí ewé rẹ̀ pé, ẹ rà á, ṣùgbọ́n kí ẹni náà mọ̀ pé àkọtọ́ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974.

Ẹ má ra ìwé ayédèrú fún òǹkọ̀wé láé. Bí yíǹkì bá pòkúdu, tí àwòrán ẹ̀yìn ìwé bá dà bíi fọ́tò kọ́pì, tí nọ́ńbà ojú ewé bá fo, tí owó rẹ̀ sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọjá. Oúnjẹ ẹlòmíràn tó ń kọ̀wé bíi tirẹ̀ ni wọ́n jí. Inú rẹ̀ kò ní dùn láti gbà á.

Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti tẹ ìwé jáde, ẹ̀bùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn:

1. Ẹ ra ẹ̀dà márùn-ún tàbí mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó ń tà á gan-an. Ẹ má ná an, ẹ má sì sọ pé "ti èmi náà ńkọ́?"
2. Ẹ ní kó kọ orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ fún sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí i.
3. Ẹ pín in fún àwọn tó máa kà á: tíṣà, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù, ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ.

Gbogbo ẹbí ló máa ń tọrọ ẹ̀dà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá san owó rẹ̀ pé kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀bùn tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù

Àyè ni ohun tó wọ́n jù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mìíràn jẹun. Ẹ bá a gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù fún ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì pẹ̀lú déètì, torí ìlérí tí kò ní ọjọ́ máa ń gbàgbé ara rẹ̀.

Ẹ lè bá a tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i ní ìdìpọ̀. Ẹ lo A4, lẹ́tà 12, àlàfo ìlà méjì, ojú kan ewé, kí nọ́ńbà wà lójú ewé gbogbo. Ẹ dì í, kí ẹ fi bírò pupa kan tì í. Ṣùgbọ́n ẹ tọrọ fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má yọ́ lọ ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ yà á lẹ́nu. Iṣẹ́ tí kò tíì parí dà bí ìhòòhò fún ẹlòmíràn.

Kíka iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn ni, bí ẹ bá kà á délẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ọkàn yín ti ń rìn lọ, ibi tí ẹ ti padà kà lẹ́ẹ̀kejì, àti ohun tí kò yé yín. "Ó dára gan-an" nìkan kò ràn án lọ́wọ́.

Ìjáde náà wà. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ ibi tí èèyàn lè jókòó sí kó gbọ́ ìró omi. Ẹ má mú un lọ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ bó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ló ń wá, èrò máa ń pọ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ béèrè owó ìwọlé àti ti kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì di oúnjẹ yín dáadáa nítorí ọ̀bọ. Bí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá jẹ́ kó fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ má fi ipá mú un. Ẹ san owó yàrá tó dákẹ́ fún un fún ọjọ́ kan, ní Ògo-Olúwa tàbí ibikíbi tí jẹnẹrétọ̀ kò ti ń ké.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Kọ́ọ̀bù, fáìlì dídán àti pátákó tí wọ́n kọ "Òǹkọ̀wé Ńlá" sí. Orí wọ́dúróòbù ló ń gbẹ̀yìn wọn.
- Ìwé "bí a ṣe ń kọ̀wé" fún ẹni tó ti ń kọ̀wé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lè dà bíi pé ẹ ń bá a wí.
- Kẹ́ ẹ ra kọ̀ǹpútà àlòkù láìmú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Bátìrì rẹ̀ lè má lo wákàtí kan.
- Fífún un lówó láìsọ nǹkan kan. Owó dára, àmọ́ bí ẹ bá fi sínú àpòòwé tí ẹ kọ "fún dátà àti ìwé títẹ̀" sí lára, kò ní í rọrùn láti fi ra ata.
- Dídúró di ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la. Ọ̀nà Ọláìyá á ti há, owó ọjà á ti lọ sókè, èyí tó dára á sì ti tán.

Bí ẹ bá fẹ́ fún un

Bó bá jẹ́ àgbà, ọwọ́ méjèèjì lẹ ó fi gbé e, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀: "Ẹ kú ọdún, sà. Ẹ bá wa gbà á, kò tó nǹkan." Ẹ má ṣí i níwájú wọn bí wọn ò bá ní kí ẹ ṣí i. Bó bá jẹ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé, ẹ fún un níwájú àwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n rí i pé ẹlòmíràn náà ka ohun tó ń ṣe sí iṣẹ́.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí bébà ọ̀tọ̀, ẹ má kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà. Ojú ewé yẹn, òun ló ni ín.

Ẹ sì má bi í léraléra pé "ìwé náà ti parí?" Ẹ yáa béèrè bóyá bírò ti tán, bóyá páwà báǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì títí oṣù Kìíní á fi parí. Ẹ kọ ìwọ̀n ìwé tí ẹ rà sínú fóònù yín pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí bó bá kún ní bí oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, irú rẹ̀ gan-an lẹ máa padà lọ rà tí ẹ̀wù àdìrẹ yẹn á fi wọ̀ ọ́.